Ìwọ Tàbí Ẹ̀yin? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ọdún Kan ní Ilẹ̀ Jámánì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ìgbé ayé ojoojúmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ó fi ilé àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ gbé ọdún kan nínú ilé àjòjì, tí ó ń bá àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, tí ó ń jẹ oúnjẹ wọn, tí ó sì ń sùn lábẹ́ òrùlé wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀. Èmi náà ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí. Ní Kétu, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ni a bí mi sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nígbà tí mo jẹ́ ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, mo lọ sí ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Bremen, ní apá àríwá ilẹ̀ Jámánì, n kò sì padà sílé títí di oṣù Keje ọdún 2015.

A máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìtọ́ni kí ó tó lọ. Èyí tí a fún mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa aṣọ òtútù, nípa bàtà tí omi kì í wọ̀, àti nípa bí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo rẹ̀ ni ó wúlò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú ilé tí ó gbà mí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Òun ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù lọ. N ó kàn mẹ́nu ba ìyókù ni.

Ètò pàṣípààrọ̀ yìí kì í ṣe ohun àná. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní AFS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní ọdún 1947, wọ́n yí iṣẹ́ náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọmọ ilé-ìwé láti ilẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 1951, ẹgbẹ́ mìíràn tí í ṣe YFU bẹ̀rẹ̀ nípa mímú àwọn ọ̀dọ́ Jámánì lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ìdílé ní Michigan. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn ogun ni méjèèjì ti jáde. Àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ gbà pé ẹni tí ó bá ti bá ọmọ aládùúgbò rẹ̀ jẹun nínú àwo kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá láti gbé ìbọn sí i.

Ó lè ya ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà tàbí Gánà wá lẹ́nu pé ọmọ Kétu gbọ́ èdè Jámánì. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi kọ́ ọ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo lè ka ìwé ìròyìn díẹ̀díẹ̀. Mo mọ gírámà rẹ̀ dé ìwọ̀n kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ti ń lọ. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni a ń jí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ojúmọ́ ti ń là ní àkókò yẹn; ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, ó ń di nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ kí oòrùn tó yọ, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá sì ti kọjá díẹ̀, ó ti wọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yíká ọdún. Ọmọ tí a tọ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi aṣọ mẹ́ta borí òtútù, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí a ń wọ̀ fún òkùnkùn. Kẹ̀kẹ́ ni a ń gùn lọ sí ilé-ìwé, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń kí i: "Moin". Òwúrọ̀ ni o, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o, "Moin" náà ni. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti fún ẹni tí ó ti ọ̀nà dé, ojú wa ń wá èyí tí ó kù. Kò sí èyí tí ó kù. Ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀.

Kò sí aṣọ ilé-ìwé. Olúkúlùkù ń wọ ohun tí ó wù ú. Máàkì wọn dorí kodò sí tiwa. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, 20 ni máàkì tí ó ga jù. Níbẹ̀, 1 ni ó dára jù, 6 ni ó sì burú jù. Nígbà tí olùkọ́ kọ 2 sí orí ìwé mi, mo ti ń ro bí n ó ti sọ ọ́ fún ìyá mi kí ọmọ tí ó jókòó tì mí tó kí mi kú oríire.

Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ jù ni pé kì í ṣe ìdánwò kíkọ nìkan ni a ń fún ní máàkì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ nínú kíláàsì ní máàkì tirẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ó sì tó ìdajì gbogbo rẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó dákẹ́ títí a ó fi bi í léèrè, tí a ti kọ́ pé kí ó má ṣe tẹjú mọ́ àgbà, tí a ti kọ́ pé a kì í ja olùkọ́ níyàn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀, olùkọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò kópa. Kò sí ìkà nínú èyí. Ohun tí olùkọ́ náà rí ni ó kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, olùkọ́ ìṣirò wa, àgbà ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, dúró níwájú kíláàsì kẹwàá, ó sì bi wá bóyá kí òun máa pè wá ní "du" gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀ tàbí ní "Sie". Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀, bí ọmọ bá ti dé àwọn kíláàsì òkè, olùkọ́ a máa bọ̀wọ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀ bí ó ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ó máa bá "du" lọ. Ṣùgbọ́n ó ti bi wá ná. Ó ṣe mí bí ẹni pé bàbá àgbà kan dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ojú pópó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Nínú èdè Yorùbá, "ìwọ" ni fún ẹgbẹ́ ẹni àti fún ẹni tí ó kéré sí wa; "ẹ̀yin" ni fún àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí àgbà náà kò bá sí níbẹ̀, a ó ní "wọ́n". Èdè Faransé ní "tu" àti "vous". Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pa ìyàtọ̀ náà tì láti ọjọ́ pípẹ́. Èdè Jámánì ní "du", tí í ṣe ìwọ, àti "Sie", tí ó dúró ní ipò ẹ̀yin. Ohun ìyanu kan ni pé "Sie" yìí kan náà, bí a bá fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń lò fún "wọ́n". Ó dà bí ẹni tí ó dojú kọ bàbá rẹ̀, tí ó wí pé, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" tí ó sì jẹ́ pé bàbá náà ni ó ń bi.

Láti ibi yìí, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rò pé iṣẹ́ ti parí: kí a sáà máa fi "Sie" sí ibi gbogbo tí "ẹ̀yin" bá wà. Ìwé gírámà kò sọ ju ìyẹn lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí èdè méjèèjì ń wọ̀n kò dọ́gba. Ọjọ́ orí àti ipò ni "ẹ̀yin" tiwa ń wọ̀n. Jíjìnnà àti sísúnmọ́ ni "Sie" ń wọ̀n. Ọmọ Jámánì ń pe ìyá rẹ̀ ní "du". Ó ń pe ìyá ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ní "du". Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń ta búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà, "Sie" ni, bí kò tilẹ̀ ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ọlọ́run pàápàá, "Du" ni wọ́n fi ń gbàdúrà sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń wí pé "Ìwọ Ọlọ́run". Ẹni tí ó bá sún mọ́ ni jù lọ ni a kì í fún ní "Sie".

Ẹ wá wo ilé tí mo wọ̀. Ìyá alágbàtọ́ mi jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìgbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. A kò san owó fún wọn láti gbà mí. Ní ọjọ́ kìíní, obìnrin náà sọ orúkọ ara rẹ̀ fún mi, ó sì ní kí n máa fi orúkọ náà pe òun, kí n sì máa wí "du". Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó ju àbúrò ìyá mi lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gbá mi lápá mú, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ń dùn mí ni. Láti ìgbà náà n kò kúnlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò lè pe orúkọ rẹ̀. "Sie" ni mò ń wí. Bí ó bá sọ pé kí n wí "du", n ó dá a lóhùn pé mo gbọ́, n ó sì tún wí "Sie".

Oúnjẹ ni ó tún dá kún un. Ọ̀sán ni a ń jẹ oúnjẹ gbígbóná nínú ilé náà. Ní alẹ́, búrẹ́dì ni, pẹ̀lú wàràkàṣì àti ẹran tí a gé pẹlẹbẹ. Búrẹ́dì jẹ́ ohun ìyangàn fún wọn. Irú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lé ní 3,000. Bí wọ́n bá na àwo sí ọmọ ilẹ̀ wa, ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ ni "ẹ ṣé", èyí tí í ṣe "Danke". Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Jámánì, bí a bá fi oúnjẹ lọ ènìyàn, tí ó sì wí "Danke" nìkan, ohun tí wọ́n gbọ́ ni "rárá, ẹ ṣé". Wọn yóò gbé àwo náà kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ yóò wí "Bitte" tàbí "Ja, gern". Bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í gba oúnjẹ ní ìgbà àkọ́kọ́; a ó rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í rọ ènìyàn níbẹ̀. Bí ó bá ti wí rárá, wọ́n gbà pé ó mọ inú ara rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo fi ebi sùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ilé tí oúnjẹ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí inú wọn ìbá dùn láti rí mi kí n jẹun.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, olúkúlùkù a wọ yàrá rẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fún mi ní yàrá tèmi nìkan, pẹ̀lú tábìlì àti fìtílà, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dára jù tí a lè fún ọmọ. N kò tíì dá sùn rí láti ìgbà tí a ti bí mi. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò sì jáde, nítorí mo rò pé bí wọ́n bá fẹ́ rí mi wọn yóò pè mí. Àwọn náà kò kan ilẹ̀kùn mi, nítorí wọ́n rò pé bí mo bá fẹ́ wọn n ó jáde. Mò ń pe ìyá mi lórí tẹlifóònù ní alaalẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó mú mi lọ ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà ní Kétu ní gbogbo alẹ́ kò ní rí ẹni tí ó jókòó tì í. Òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹni tí ó wà nílé ara rẹ̀ láti sọ.

Ní oṣù Kọkànlá, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, obìnrin tí ẹgbẹ́ náà yàn láti máa bójú tó mi wá sí ilé náà. Ó ní ìyá alágbàtọ́ mi ti pe òun. Wọ́n ń rò ó bóyá kí a wá ilé mìíràn fún mi. Ìyá náà jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní mo ń gbé nínú ilé òun bí ẹni tí ó sanwó sí ilé ìtura. Ó ní oṣù kejì rè é tí mo ń pe òun ní "Sie", bí ẹni pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. N kì í wo ojú òun. N kì í jáde láti yàrá. Òun kò mọ ohun tí òun fi ṣẹ̀ mí. Èmi tí mo ti rò pé gbogbo "Sie" tí mò ń wí ni mo fi ń dọ̀bálẹ̀ fún un!

Mo mú bébà, mo sì fa ìlà méjì sí i, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú. Mo kọ orúkọ ìyá mi sí òkè ìlà òòró, mo kọ tèmi sí ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ìlà tiwa nìyí. Ẹni tí ó bá wà lókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé, 'ẹ̀yin' ni." Mo wá fi ìka sí ìlà ìbú. Mo ní, "Èyí ni tiyín. Ẹni tí ó wà nítòsí ni 'du', ẹni tí ó jìnnà ni 'Sie'. Mo fẹ́ fi yín sí òkè ni. N kò fẹ́ fi yín sí ọ̀nà jíjìn." Jámánì tí mo fi sọ ọ́ kò jọjú, ṣùgbọ́n bébà náà ràn mí lọ́wọ́.

Ó wo ìlà náà pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí mò ń pe ọ̀rẹ́ ìyá mi ní ilé, nígbà tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá: Ìyá Lágbájá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa fi orúkọ ọmọkùnrin òun pe òun bẹ́ẹ̀. Báyìí ni a fi parí ọ̀rọ̀ náà: "Ìyá" ti Yorùbá ní iwájú, "du" ti Jámánì ní ẹ̀yìn, mo sì gbé nínú ilé náà títí ọdún fi pé. Bàbá náà ní tirẹ̀ kò bèèrè ohun kan. Bí ó bá ti di alẹ́, a máa kan ilẹ̀kùn mi, a sọ pé òun fẹ́ ta ayò, òun kò rí ẹni bá òun ta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyókù rọrùn. Mo kọ́ bí a ti ń pín ìdọ̀tí: bébà sí agolo aláwọ̀ búlúù, èèpo oúnjẹ sí ti aláwọ̀ ilẹ̀, ike sí ti aláwọ̀ ìyeyè. Mo kọ́ pé ìgò omi ní owó ìdógò lórí, àti pé sẹ́ǹtì 25 ni ti èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ọdún 2003. Mo kọ́ pé ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ilé ìtajà ni a ń tì, nítorí pé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó dáàbò bo ọjọ́ náà, láti inú òfin ọdún 1919 tí wọ́n mú wọ inú ti òní. Ẹni tí iyọ̀ rẹ̀ bá tán, kí ó lọ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò sí èyí nínú wọn tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì tiyín, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí gírámà. Ẹ fa ìlà méjì náà sí ojú pátákó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wá fi èdè ìyá rẹ̀ hàn lórí wọn, ìbáà ṣe Yorùbá, ìbáà ṣe Fọ̀n, ìbáà ṣe Éwé tàbí Haúsá: báwo ni a ti ń pe ìyá, báwo ni a ti ń pe olùkọ́, báwo ni a ti ń pe àjèjì tí ó kéré sí wa? Lẹ́yìn náà, kí ọmọ méjì jókòó sí tábìlì, kí ọ̀kan fi oúnjẹ lọ èkejì lẹ́ẹ̀kan péré, kí kíláàsì sì máa ṣọ́ ẹnu ẹni tí a fi lọ̀. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní àkókò. Ẹ̀rín yóò pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Níkẹyìn, kí ẹni tí ó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kọ gbólóhùn díẹ̀ sílẹ̀ ní èdè ibẹ̀, tí yóò fi ṣàlàyé ìwà kan tí a fi tọ́ ọ, kí ó sì kọ́ ọ sórí kí ó tó wọ ọkọ̀. Èyí ni mo kọ fún ọmọ kan tí ó ń múra láti lọ nígbà kan: "Ní ilé wa, ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà tí ń bá a sọ̀rọ̀. Bí n kò bá wò yín, mò ń gbọ́ yín. Bí mo bá dákẹ́ jù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kan ilẹ̀kùn mi."